Russell Haslam, Afìwéránṣẹ́ Gas Lane (1956–2016), àti Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Gan-an sí Orúnkún Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Calderfold, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ jáde nínú òtútù yìí wá sin Russell, ẹbí Haslam kí yín, wọ́n sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má ká ìwé yìí sápò kí ẹ tó kà á tán. Ẹ̀gbọ́n olóògbé lóbìnrin, Maureen, ló kọ ọ́. Bàbá wọn, Wilfred Haslam, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ló ní kó kọ ọ́, àwọn náà ló sì ní kí pásítọ̀ ka gbogbo rẹ̀ sókè láìfo ìlà kan. Bí ẹ bá rí ohun tí a kì í kọ sínú irú ìwé báyìí níbẹ̀, ẹ má bínú sí Maureen. Ó ti bínú tó fún gbogbo ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1956, ni wọ́n bí Russell ní ojúlé kẹrìnlá, Inkerman Street, ní Calderfold yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìhunṣọ tí wọ́n ti wó báyìí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé ó tún yẹ ká máa sọ ìyẹn. Amos Haslam, tó ń koná sí ẹ̀rọ ilé ìhunṣọ, ni bàbá bàbá rẹ̀. Edna ni ìyá rẹ̀, ọmọ ilé Pickup ní òkè Bank Top. Ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni Edna dàgbà sí, bíi gbogbo obìnrin tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò nílò ohùn kó tó mọ ohun tí èèyàn ń sọ. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn, ètè ni wọ́n ń wò. Bí o bá ń kùn lábẹ́ ètè ní òdìkejì òpópónà, Edna ti gbọ́ ẹ.

Bàbá Wilf gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn fún Calderfold Town fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kọ̀ lọ́dún 1961, ẹgbẹ́ náà gbé garawa àti kànrìnkàn lé wọn lọ́wọ́, wọ́n di olùtọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Wọn ò kọ́ ìṣègùn níbì kankan o. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ nígbà náà. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣubú, wọ́n á sáré wọlé, wọ́n á fi omi tútù tẹ ibi tó ń dùn ún, wọ́n á ní kó dìde. Ìdajì àwọn tó ń dìde, tìtorí pé omi náà tutù jù ni wọ́n ṣe ń dìde.

Ilé ìwé Inkerman Street ni Russell lọ láti ọdún 1961. Ẹbí ò ní pa irọ́ níbí, irọ́ ti pọ̀ tó nínú ilé yìí: kò mọ̀wé. Olùkọ́ rẹ̀, Miss Greenhalgh, kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde pé ojú fèrèsé ni Russell ń kọ́, pé ó sì ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé láti ilé ìwé, ara ògiri ilé ìhunṣọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù sí títí ìyá rẹ̀ á fi pè é wá jẹun. Alàgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó sì ń sùn lọ́sàn-án. Á yọrí lójú fèrèsé: "Ìwọ ọmọ Haslam! Àwọn kan ń sùn níbí o!" Russell á dá a lóhùn pé, "Ẹ ti jí náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá ṣọ́lé fún mi!" Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú aṣọ ìsùn lára. Góòlù mẹ́fà ni Russell gbá wọlé fún un.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1971, nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Calderfold Town gbà á láti wá kọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Òun àti bàbá rẹ̀ jọ rìn lọ sí pápá Gas Lane láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu géètì, Bàbá Wilf dúró.

"Gbọ́ mi. Láti ibí yìí wọlé, èmi kì í ṣe bàbá ẹ. Ọ̀gá Haslam ni mo jẹ́. Tí mo bá gbọ́ 'Bàbá' lẹ́nu ẹ nínú pápá yìí, wàá sáré títí ẹ̀mí á fi fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ."

"Tó bá wá di ilé ńkọ́?"

"Tó bá di ilé, pè mí bó ṣe wù ẹ́."

"Ó dáa, Ọ̀gá Haslam," ni Russell wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè ní ìkà ni. Kì í ṣe ìkà. Kò sí ohun tí ará Calderfold kórìíra tó ojúsàájú. Ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn ni ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wọ jẹ́sì tí kò tọ́ sí i, àwọn òǹwòran sì fi ẹnu bó o lẹ́ran títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Bàbá Wilf ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu kan ọmọ tiwọn. Nítorí náà, bí àwọn yòókù bá sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, Russell á sá a lẹ́ẹ̀méjìlá. Bí àwọn yòókù bá ní orí ń fọ́ àwọn, Bàbá Wilf á ní kí wọ́n lọ jókòó. Bó bá jẹ́ Russell, wọ́n á ní orí kì í gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ni.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1974 ló kọ́kọ́ wọ jẹ́sì àgbà nínú Líìgì Kẹta, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àárín gbùngbùn ló ń gbá, lẹ́yìn àwọn atamátàsé méjì, níbi tí èèyàn ti ń pọ̀ síni lára tí àyè sì ń kéré. Ẹ̀yin tí ẹ rí i, ẹ mọ̀. Kò yára. Kò ga. Ṣùgbọ́n á ti wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó bá sì ti fi ẹsẹ̀ òsì kàn án báyìí, ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sí lára ló ń bá. Ohun tí wọ́n fi ń pè é ní Afìwéránṣẹ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń dúró létí pápá pẹ̀lú Edna á máa ké pé, "Afìwéránṣẹ́, tèmi dà? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o!" Bó bá sì gbá a nù, gbogbo pápá á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ojúlé wo lo gbé ìyẹn lọ?"

Ìdíje Líìgì mẹ́tàdínláàádọ́ta, góòlù mọ́kànlá, ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ń retí kí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwa náà retí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní ọdún 1977, ni Wearborough láti Líìgì Kìíní wá bá wa gbá nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ. Kò sí ilé tí èèyàn ṣẹ́kù sí. Ọkùnrin kan jókòó sókè tí ẹgbẹ́ ńlá kan rán wá wo Russell, gbogbo ìlú sì mọ̀, torí pé kò sí ará Calderfold tó ń wọ irú kóòtù bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni òfin gbà kí ẹgbẹ́ fi rọ́pò. Ní ìṣẹ́jú ogún péré, eegun èjìká ẹni tó ń gbá apá òsì wa kán, a sì lo ẹyọ ẹnì kan tí a ní. Ó di ọ̀mì, góòlù kọ̀ọ̀kan.

Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gọ́ta, Trevor Stobbart, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Wearborough, gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ Russell létí ìlà, níwájú ibi tí àwọn obìnrin dúró sí. Ó gba bọ́ọ̀lù náà, ó sì gba ẹsẹ̀ náà mọ́ ọn. Ohun tí ẹ ti gbọ́ fún ogójì ọdún dúró síbẹ̀: Stobbart ló ṣe é, Russell ọmọ akọni ló kọ̀ tí kò jáde, ó fi ẹsẹ̀ kan gba ìṣẹ́gun fún wa. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ lórin. Maureen pàápàá ti kọ ọ́ lórin.

Irọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí Bàbá Wilf ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn.

Wọ́n sáré wọlé pẹ̀lú garawa. Russell dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bíi bébà.

"Bàbá mi," ni ó wí. Kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí nínú pápá yẹn, láti ọdún márùn-ún. "Bàbá mi, ó ti já. Mo gbọ́ ọ. Ẹ mú mi jáde."

"Kò sí bàbá ẹnikẹ́ni níbí. Dìde."

"Ẹ tiẹ̀ wò ó ná."

"Mo ti wò ó. A ti lo ẹnì kan tá a ní. Haslam, dìde, wọ́n ń wò wá."

Wọ́n fi kànrìnkàn tẹ̀ ẹ́. Orúnkún náà ń yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wọn bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ọwọ́ wọn mọ̀. Olùkọ́ ẹgbẹ́, Len Crabtree, ké láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, "Wilf! Ṣé ó lè ṣe é?" Bàbá Wilf na àtàǹpàkò sókè, wọ́n ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Ká ní ọmọ ẹlòmíràn ni," ni wọ́n sọ fún Maureen, "ǹ bá ti mú un jáde. Mo ti mú ọmọ ẹlòmíràn jáde nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀."

Russell dìde. Ní ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin ó gbá bọ́ọ̀lù tí gbogbo yín mọ̀, a fi jẹ góòlù kejì. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gọ́rin, ó yí padà lásán, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀, Stobbart wà lápá kejì pápá, ó sì wó lulẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀. Báwo ni gbogbo wa ṣe gbàgbé?

Ní ilé ìwòsàn, dókítà oníṣẹ́ abẹ bá Bàbá Wilf sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ká ní wọ́n mú ọmọ yìí jáde lójú ẹsẹ̀, oṣù mẹ́ta ni, á tún gbá bọ́ọ̀lù. "Ta ló ní kó máa sáré lórí ẹ̀?"

"Òun ni," ni Bàbá Wilf wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ kó jáde, ó kọ̀. Olóríkunkun ni."

Wọ́n rò pé ó ń sùn. Kò sùn. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì wọlé, ó bi Russell pé, "Ṣé bàbá ẹ lẹni tó jókòó yìí?" Russell wo bàbá rẹ̀ títí. "Rárá o," ni ó wí. "Ọ̀gá Haslam nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Haslam ló ń pè wọ́n. Ní pápá, nílé, nídìí tábìlì oúnjẹ Kérésìmesì: "Ọ̀gá Haslam, ẹ bá mi na ànàmọ́ yẹn." Kò bú wọn rí. Kò gbé ohùn sókè sí wọn rí. Ó ń bá wọn tún òrùlé ṣe, ó ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwa yòókù rò pé àwàdà àwọn méjèèjì ni, a sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ẹbí sọ ọ́ bó ṣe rí lára wọn: ogójì ọdún ni a fi rẹ́rìn-ín sí ohun tó ń jẹ àgbà lọ́kàn.

Edna nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Létí ìlà ló dúró sí lọ́jọ́ náà, ó sì rí ètè ọkọ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó gbé oúnjẹ síwájú wọn, ó ní, "'Kò sí bàbá ẹnikẹ́ni níbí.' Mo rí ẹnu ẹ, Wilf." Ó kó aṣọ ìbora rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí ó fi kú lọ́dún 1998. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà gbogbo tí Russell bá ti pe "Ọ̀gá Haslam" nínú ilé, ohun kan náà ló máa ń wí: "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò tíì kúrò ní pápá?"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Russell lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbá ìdíje mẹ́ta pẹ̀lú ikọ̀ kejì ẹgbẹ́ náà ní ìparí ọdún 1978, ó ń tiro. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí ẹgbẹ́ máa mú dání mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Olùtọ́jú ló ń lẹ̀ ẹ́. Bàbá Wilf lẹ̀ ẹ́. Russell wá, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dókè. "Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Haslam," ni ó wí, ó sì gbé bàtà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Ilé ìtọ́jú ẹrù ní ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wà ní òpópónà Moor ló ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1980 títí wọ́n fi tì í ní 2004. Orí àga ló jókòó sí fún ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń kọ iye tìmùtìmù tó jáde. Ọdún 1982 ló fẹ́ Glenys, ọmọ Ormerod oníbúrẹ́dì, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Glenys ló máa ń sọ pé ọkọ òun nìkan ni ọkùnrin tí kì í wo bọ́ọ̀lù ní Calderfold. Bó bá dé orí tẹlifíṣọ̀n, á dìde lọ gé koríko, kódà nígbà tí yìnyín bo koríko. Ní ti ìgbàgbọ́, inú ilé ìjọsìn yìí ni wọ́n ti rì í bọmi nígbà ọmọdé, ìgbéyàwó àti òkú nìkan ló sì gbé e padà wá lẹ́yìn ọdún 1977. Ẹbí kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ṣùgbọ́n láti ọdún 1991 títí ara rẹ̀ ò fi gbà á mọ́, àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni Russell ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá ní pápá ìṣeré ìlú. Òfin kan ló ní. Ọmọ tó bá ṣubú, tó sì sunkún, ó jáde nìyẹn. Kò sí ìbéèrè. Àwọn òbí máa ń ké lé e lórí: "Russ, ẹ̀tàn ni o! Ọmọ tèmi ni, mo mọ̀ ọ́n, kò sí nǹkan tó ṣe é!" Á dá wọn lóhùn pé, "Kò sí ẹni tó mọ̀ ju ẹni tó ni ẹsẹ̀ lọ." Wọ́n ń fìdí rẹmi lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá Wilf máa ń dúró lẹ́yìn irin pápá wò wọ́n, wọn kì í sì í wọlé.

Ẹ jẹ́ ká dárúkọ Trevor Stobbart níbí. Àwọn ará ìlú fọ́ fèrèsé ọkọ̀ Wearborough nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún wá síbí. Wọ́n tu itọ́ sí Stobbart lára. Maureen, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà, kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀, ó sì ṣẹ́ èpè fún ẹsẹ̀ ọmọ inú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sí àpótí. Stobbart kú lọ́dún 2011. Ó ń sọ títí ó fi kú pé bọ́ọ̀lù lòun gbà, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ Stobbart, a ti fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí yín. A ò mọ ohun tí èèyàn fi ń tọrọ àforíjì irú èyí.

Ní ọdún 2015 ni wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ nínú Russell. Oṣù Kọkànlá ọdún 2016, wọ́n gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kò ní padà sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, Bàbá Wilf fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ yàrá rẹ̀, wọ́n jókòó. Ohun kan ni wọ́n ń wá. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún fẹ́ kí ọmọ òun pe òun ní bàbá kó tó kú. Kò sí nǹkan míràn tí wọ́n tún fẹ́ láyé.

"Russell, èmi ni mo ní kó o dìde."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

"Mo parọ́ fún dókítà."

"Mo wà níbẹ̀ náà. Èmi kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ fún, Ọ̀gá Haslam. Àwọn tí ò sí níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ sọ fún."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Bàbá Wilf wọ kóòtù, wọ́n so táì, wọ́n lọ sí yàrá àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ní Gas Lane kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Alága kan tábìlì: "Ẹ dákẹ́! Wilf Kànrìnkàn fẹ́ sọ̀rọ̀!" Kí wọ́n tó la ẹnu, gbogbo yàrá ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọ orin Afìwéránṣẹ́. Ẹnì kan gbé bíà síwájú wọn, ẹlòmíràn gbé páì wá. Alàgbà kan di èjìká wọn mú, omi wà lójú rẹ̀: "Ẹ bá wa kí ọmọkùnrin yẹn. Ká ní kì í ṣe ti Stobbart, ẹni burúkú!" Bàbá Wilf wo ojú gbogbo wọn.

"Ẹ ṣé o," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó. Wọ́n jẹ páì náà tán.

Lọ́jọ́ kejì, ogúnjọ́ oṣù, Russell ò lè gbé orí mọ́. "Ẹ sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Fún gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n dákẹ́," ni Bàbá Wilf wí. "Ẹnikẹ́ni ò lè sọ̀rọ̀."

Omi jáde lójú Russell, ó ṣàn lọ sínú etí rẹ̀. Ó wá ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí aṣọ ìbora títí ó fi rí i. "Ẹ ṣé," ni ó wí. "Ẹ ṣé, Bàbá mi."

Maureen wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan ló gbọ́. Ó sunkún ayọ̀, ó sáré lọ sọ fún Glenys pé àwàdà ti parí, pé Russell pe Bàbá ní Bàbá. Àwọn obìnrin méjèèjì di mọ́ra wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá, Russell kú. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Ojú rẹ̀ dẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Wilf jókòó sí ilé ìdáná Maureen, wọ́n ní kó gbé kẹ́tù omi tíì sílẹ̀, wọ́n sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti kà yìí fún un.

"Irọ́ ni mo fi gbà á," ni wọ́n wí. "Ọkùnrin tó ti lọ sọ ọ́ ló pè ní bàbá. Kì í ṣe èmi."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Kọ ọ́."

"Bàbá, ó ti kú."

"Mo mọ̀ pé ó ti kú, Maureen."

Ó pariwo lé wọn lórí. Ó sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí òbí. Lẹ́yìn náà ó wá bírò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ó dáa. Tiwa lé e bá lẹ́yìn tí ẹni tó ń dúró de òtítọ́ náà ti lọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé ni ìyàwó rẹ̀, Glenys. Àwọn ọmọ rẹ̀, Janine àti Stuart. Ọkọ Janine, Imtiaz. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ellis, Safiya, Callum àti Beth kékeré tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Maureen. Wilfred Haslam ní kí a kọ orúkọ tiwọn gbẹ̀yìn, kí a má sì kọ "bàbá" ṣáájú rẹ̀. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Kí ọmọ sin bàbá ni gbogbo wa ń tọrọ. Ẹ wo ẹni tó jókòó síwájú yín lónìí.

Bí pásítọ̀ bá ka ibí yìí tán, ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má kọrin. Ẹbí bẹ̀ yín. Ẹ dákẹ́ ni, gbogbo yín, bí Bàbá Wilf ṣe sọ fún Russell pé ẹ dákẹ́.

Russell, ohun tí wọ́n ní àwọn ti sọ, wọn ò tíì sọ ọ́ nígbà yẹn. Òní ni wọ́n ń sọ ọ́. Sùn re o.